Káfíńtà tó lo ọjọ́ 19 nínú kómà: àkọsílẹ̀ oṣù 18 láti Ìkọ̀lé-Èkìtì

Káfíńtà ni, ẹni ọdún 34, ọmọ Ìkọ̀lé. Bàbá Ìbejì ni a ó máa pè é níbí. Ohun tí àdúgbò ń pè é náà nìyẹn, Bàbá Ìbejì sì pọ̀ ní Ìkọ̀lé débi pé orúkọ yẹn kò lè tú ẹnikẹ́ni fó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nígbà ẹ̀rùn, ó gun ọ̀kadà bọ̀ láti Ọ̀yẹ́. Kò dé akoto. Ewúrẹ́ kan já wọ títì, ó ní kí òun yà fún un, ọ̀kadà bá gbé e ṣubú. Apá ọ̀tún orí ló fi gba ọ̀dà.

Àwọn tó gbé e ṣàánú rẹ̀, wọn ò fi àkókò ṣòfò. Ṣùgbọ́n wọ́n dá a dùbúlẹ̀ gbalaja sórí ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò, ó kọjú sókè, orí rẹ̀ sì ń mì síwá sẹ́yìn. Ó bì lójú ọ̀nà, ó sì fa díẹ̀ nínú èébì náà sínú ẹ̀dọ̀fóró, torí ẹni tí kò mọ nǹkan kan mọ́ kò lè wúkọ́ lé èébì jáde. Ẹ̀gbẹ́ ló yẹ kí wọ́n dá a dùbúlẹ̀ sí, kí ẹnì kan di orí àti ọrùn rẹ̀ mú gírígírí, kí wọ́n yí gbogbo ara pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí èèyàn ń yí ìtì igi. Ọpọlọ tó ti fara gbọgbẹ́ kì í fara da àìtó afẹ́fẹ́, kì í sì í fara da kí ẹ̀jẹ̀ má sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dáadáa. Àwọn méjèèjì yìí ló ń sọ ọgbẹ́ kékeré di ńlá kí aláìsàn tó dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Wákàtí 4 ti kọjá kó tó dé ilé ìwòsàn tó ní CT síkáànù, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí. Wọ́n wọn ìmọ̀lára rẹ̀ pẹ̀lú òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Glasgow Coma Scale, èyí tí Graham Teasdale àti Bryan Jennett gbé jáde nílùú Glasgow lọ́dún 1974. Nǹkan mẹ́ta ni òṣùwọ̀n náà ń wò: ojú gba 1 sí 4, ọ̀rọ̀ ẹnu gba 1 sí 5, ìṣíra gba 1 sí 6. Ìyẹn ni pé 15 ló pọ̀ jù, 3 ló kéré jù, ẹni tó bá sì gba 8 tàbí tó kéré sí i, inú kómà ló wà. Bàbá Ìbejì gba 5. Kò lajú, kò dún, bí wọ́n bá sì tẹ ìdí èékánná rẹ̀ gan-an, ńṣe ló ń ká apá wọ àyà, kò mọ ibi tó ń dùn ún débi tí yóò fi na ọwọ́ kejì síbẹ̀. Ọmọlójú ọ̀tún ti fẹ̀ ju ti òsì lọ, kò sì sunkì mọ́ bí wọ́n ṣe tan tọ́ọ̀ṣì sí i.

Síkáànù fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ti dà jọ sábẹ́ awọ tó bo ọpọlọ lápá ọ̀tún, ó sì ti ti ọpọlọ kúrò láàárín sí apá òsì ní mílímítà 9. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n kó ẹ̀jẹ̀ dídì náà jáde. Nígbà tí abẹ fi kan orí rẹ̀, wákàtí 9 ti pé tó ti ṣubú.

Ohun tó wà nínú ìwé ọjọ́ kìn-ín-ní yìí ti sọ púpọ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ gbè é. Ohun tó fà á náà gbè é: ọpọlọ tí nǹkan gbá yàtọ̀ sí ọpọlọ tí afẹ́fẹ́ tán lórí rẹ̀, bíi ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró fún ìṣẹ́jú púpọ̀ tàbí ẹni tó rì sómi. Nínú ti ìgbáni, ibì kan lè bàjẹ́ kí ibòmíràn ṣẹ́ kù. Nínú ti afẹ́fẹ́, gbogbo rẹ̀ ló ń jìyà pọ̀, ìrètí rẹ̀ kéré, àkókò rẹ̀ sì kúrú. Ohun tí kò gbè é ni ọmọlójú tó fẹ̀ yẹn, àti wákàtí 9.

Ojú là, ẹni náà kò tíì dé

Wọ́n ṣí ọ̀nà èémí sí ọ̀fun rẹ̀ lọ́jọ́ 10. Láàárọ̀ ọjọ́ 19, ó lajú. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Ó kígbe, gbogbo wọ́ọ̀dù sì bá a kígbe. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti pe pásítọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti ń béèrè iye tí wọ́n ń ta màlúù. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n rí i pé ojú yẹn là lóòótọ́, àmọ́ kò wo ẹnikẹ́ni. Bí ìyá rẹ̀ ṣe dúró níwájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ògiri dúró níwájú rẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń sọ ìrètí nù, tàbí tí wọ́n ti ń gbé e ga ju bó ṣe yẹ lọ. Kómà gan-an kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 lọ. Láàárín àkókò yẹn, aláìsàn yóò kú, tàbí kó jí, tàbí kí ojú rẹ̀ là láìsí ìmọ̀. Ìdí ni pé ibi tó ń ṣètò oorun àti ìlajú wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tó ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ó sì máa ń tètè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ibi tí èèyàn fi ń mọ èèyàn, tó fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀, tó fi ń rántí, òkè ló wà, ó sì gbòòrò. Ìsàlẹ̀ lè ti jí kí òkè ṣì wà níbi tó wà.

Ẹni tó wà ní ipò yìí máa ń sùn, á tún jí. Ó lè yán, ó lè wa eyín pọ̀, omi lè bọ́ lójú rẹ̀, ó lè rẹ́rìn-ín músẹ́, ó lè ta gìrì bí ilẹ̀kùn bá gbá. Kò sí èyí tó fi hàn pé ó mọ̀. Bí ẹ bá fi ìka sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, yóò dì í mú, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tuntun ṣe ń ṣe. "Ó di ọwọ́ mi mú!" ni ìyá rẹ̀ ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé, kò sì sí ẹni tó ní ọkàn láti já a kulẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló kọ́ ọ ní ohun tó dára jù. Ó ní, "Mọ́mì, tó bá ti dì í mú, ẹ ní kó tú u sílẹ̀." Dídì mú, ara ń ṣe é fúnra rẹ̀, títú sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ní kó tú u sílẹ̀, ó dìgbà tí ẹni náà bá gbọ́, tó sì fẹ́. Bàbá Ìbejì kò tú u sílẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, ìbéèrè yí padà. Wọn ò béèrè mọ́ pé ṣé ó ti jí. Wọ́n ń béèrè pé: kí ló ṣe lọ́sẹ̀ yìí tí kò ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá?

Ohun tó fẹ́ gbà á lọ kì í ṣe ọpọlọ

Lọ́sẹ̀ kẹrin, òtútù àyà kọ lù ú. Ohun méjì ló fà á. Ìkíní, wọ́n ń fún un lóúnjẹ gba rọ́bà imú nígbà tó dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ. Èkejì, ìbátan kan tó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an mú omi àdúrà wá láti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ó sì ro ṣíbí mẹ́ta sí i lẹ́nu lóru. Kò sí ẹni tó ní kí ẹbí má gbàdúrà. Ẹ fi omi náà ra iwájú orí rẹ̀, ẹ fi ra àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹnu nìkan ni kò gbọdọ̀ dé, torí ọ̀fun tí kò lè gbé mì, inú ẹ̀dọ̀fóró ni omi rẹ̀ ń lọ. Àgbo náà bẹ́ẹ̀, òróró náà bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 9 ni wọ́n fi fún un lábẹ́rẹ́ kí àyà rẹ̀ tó fúyẹ́.

Oúnjẹ fúnra rẹ̀ kò tó. Ògì ṣíṣàn nìkan ni wọ́n ń gbé wá láti ilé, ó sì ń joro níṣojú wọn. Ẹni tó wọn kílò 68 nílò nǹkan bíi kálórì 1,700 sí 2,000 lóòjọ́, ògì tó rọ̀ tó èyí tó lè gba rọ́bà kọjá kò lè pèsè ìdajì rẹ̀. Ohun tí wọ́n wá ń ṣe ni pé wọ́n ń po ògì pọ̀ mọ́ wàrà sóyà, ẹyin sísè, edé lílọ̀ kúnná àti ṣíbí òróró kan, wọ́n á lọ̀ ọ́ nínú bíléndà, wọ́n á fi asẹ́ tó dí sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Mílílítà 300 nígbà kan, ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́. Kí wọ́n tó fún un, wọ́n ń wo àmì tí wọ́n fi sára rọ́bà níbi ihò imú bóyá ó ti yẹ̀, wọ́n ń fi sírínjì fa díẹ̀ jáde, wọ́n sì ń fi bébà ásíìdì yẹ̀ ẹ́ wò: bó bá fi 5.5 tàbí ohun tó kéré sí i hàn, inú ikùn ni rọ́bà wà. Omi mílílítà 30 ṣáájú, 30 lẹ́yìn, kí rọ́bà má baà dí. Orí bẹ́ẹ̀dì gbọ́dọ̀ ga ní ìwọ̀n 30 sí 45, ó sì gbọ́dọ̀ wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ. Edé ló ń dí rọ́bà jù, pàápàá tí wọn ò bá yọ orí rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó lọ̀ ọ́.

Egbò ìdùbúlẹ̀ yọ sí ìbàdí rẹ̀ lọ́jọ́ 23, ó fẹ̀ tó ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Lójú mọmọ, wọ́n ń yí i ní wákàtí méjì-méjì. Lóru, nọ́ọ̀sì kan ló ń tọ́jú èèyàn púpọ̀, kò sì sí ẹni tó yí i láti aago 11 títí ilẹ̀ fi mọ́. Níbi tí eegun bá ti tẹ ẹran mọ́ bẹ́ẹ̀dì fún wákàtí púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í dé ibẹ̀, ẹran ibẹ̀ á sì kú. Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ mẹ́rin ló gba iṣẹ́ òru ṣe láàárín ara wọn: ọ̀tún, òsì, pẹ̀lú ìrọ̀rí lẹ́yìn kó dá díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìrọ̀rí míì lábẹ́ ojúgun kí gìgísẹ̀ má baà kan ilẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 7 ni egbò náà fi jinná. Àwọn ọmọ yẹn ṣe ohun tí owó kò lè rà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ibà tí kì í ṣe ibà. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta, òógùn á ṣàdédé bò ó, ọkàn rẹ̀ á máa lù ní 140 ní ìṣẹ́jú kan, ara á gbóná, apá rẹ̀ á le gbagidi, láàárín ìṣẹ́jú 30 ohun gbogbo á rọlẹ̀. Wọ́n fún un lóògùn ibà ẹ̀ẹ̀mẹta, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò sì rí kòkòrò ibà kankan. Ọpọlọ ló pàdánù ìjánu tó fi ń kó ara níjàánu. Bí wọ́n bá ṣe fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lọ́fun rẹ̀, tàbí tí rọ́bà ìtọ̀ bá dí tí àpòòtọ̀ kún, ó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Oògùn propranolol àti ìtọ́jú rọ́bà ìtọ̀ ló mú un wálẹ̀.

Èyí tó dùn wá jù ni ti oògùn gìrì. Gìrì mú un lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì fún un ní phenobarbital. Gìrì kò padà wá, oògùn náà kò sì kúrò. Ọjọ́ 52 ni dókítà tuntun kan tó dé wọ́ọ̀dù tú fáìlì rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, tó sì béèrè ìdí tí ẹni tí à ń retí kó jí fi ń gba oògùn tó ń múni sùn lójoojúmọ́. Wọn ò dá a dúró lójijì, torí dídá a dúró lójijì lè fa gìrì fúnra rẹ̀. Wọ́n ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan bí wọ́n ṣe ń fi levetiracetam, oògùn gìrì míì, rọ́pò rẹ̀. Ẹbí tó bá ní èèyàn nínú kómà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa béèrè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: èwo nínú oògùn wọ̀nyí ló ń mú un sùn, ṣé ó ṣì nílò rẹ̀?

Ìpàdé ọjọ́ 60

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló pe ìpàdé. Wọ́n ti ta ẹ̀rọ ìfági méjì, ilẹ̀ tó wà lọ́nà Ìjẹ̀sà-Ìsu ló kù. Ó ní, "Dókítà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ṣé ká tà á ni, àbí ká gbé e lọ sílé ká máa wo ojú Ọlọ́run?"

Ohun tí wọ́n sọ fún un nìyí. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2021 tẹ̀lé àwọn tó fi orí pa gan-an fún ọdún kan. Nínú àwọn tí kò ní ìmọ̀ kankan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 àmọ́ tí wọ́n wà láàyè, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin ni ìmọ̀ padà sí lára wọn kí ọdún tó yí. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ẹyọ kan nínú mẹ́rin ló mọ ẹni tóun jẹ́, ibi tóun wà àti ọjọ́ tí à ń kà. Gbólóhùn kejì yẹn ṣe pàtàkì bíi ti àkọ́kọ́. Kò sì yẹ ká gbàgbé pé àwọn aláìsàn yẹn rí ìtọ́jú tí iná kì í lọ lórí rẹ̀.

Lọ́dún 2018, àjọ àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà pa ọ̀rọ̀ náà "títí láé" tì fún irú aláìsàn báyìí, nítorí wọ́n rí i pé àwọn kan ń jí lẹ́yìn àkókò tí wọ́n rò pé ó ti parí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ń tọ́ka sí ipò tó ti pẹ́, oṣù 12 ni wọ́n sì fi ṣe ààlà rẹ̀ fún ẹni tó fi orí pa, oṣù 3 fún ẹni tí nǹkan míì kọ lù lọ́pọlọ. Ọjọ́ 60 kò tíì tó ohun tí èèyàn fi ń pa ìlẹ̀kùn dé.

Ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin fi ìtàn kan hàn lórí fóònù: ọkùnrin ará Amẹ́ríkà tó jí lẹ́yìn ọdún 19. Òótọ́ ni. Terry Wallis ni orúkọ rẹ̀, jàǹbá mọ́tò ọdún 1984 ló ṣe é, ọdún 2003 ló sì sọ̀rọ̀. Ohun tí ìtàn ojú fóònù kì í sọ ni pé kì í ṣe inú kómà ló wà fún ọdún 19. Ìmọ̀ díẹ̀ ti wà lára rẹ̀ látọjọ́ pípẹ́. Lẹ́yìn tó sọ̀rọ̀ náà, kò rìn, abẹ́ ìtọ́jú èèyàn ló sì wà títí tó fi kú lọ́dún 2022. Kò dára kí ẹnikẹ́ni ta ilẹ̀ nítorí Wallis.

Ẹbí tún bi àwọn dókítà nípa oògùn amantadine. Wọ́n dán an wò lára aláìsàn 184, èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2012: ó mú kí ìmọ̀ tètè máa padà láàárín ọ̀sẹ̀ 4 tí wọ́n fi lò ó. Nígbà tí wọ́n dá a dúró, àwọn tí kò lò ó bá wọn láàárín ọ̀sẹ̀ 2. Ó lè yára ẹsẹ̀, kò tíì hàn pé ó ń mú ibi téèyàn máa dé jìnnà sí i.

Ìmọ̀ràn tí wọ́n gbà ni pé kí wọ́n má ta ilẹ̀. Kí owó tó kù lọ sórí oúnjẹ, físíò (ẹni tó ń fi ìdánrawò tọ́jú aláìsàn), bẹ́ẹ̀dì tó ṣe é gbé orí rẹ̀ sókè, àti ẹnì kan tí yóò máa wà pẹ̀lú rẹ̀ lóru. Kí wọ́n tún pàdé lẹ́yìn oṣù kan, kí ìwé tí ìyàwó rẹ̀ ń kọ ohun tó bá ṣe sí sì sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ìwé Ìyá Ìbejì

Ìwé ìkọ̀wé ọmọléèwé ni, olójú-ewé 80. Físíò ló fi rúlà là á fún un: ọjọ́, àsìkò, ohun tí a ní kó ṣe, ohun tó ṣe, ẹ̀ẹ̀melòó nínú 4. Òfin rẹ̀ kò pọ̀. Kó jẹ́ lẹ́yìn tó ti sinmi. Kó jókòó sókè. Kí rédíò dákẹ́, kí ẹnì kan ṣoṣo máa sọ̀rọ̀. Ká sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ká dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 10, torí ọ̀rọ̀ ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá ṣe láìjẹ́ pé wọ́n ní kó ṣe é, ká kọ ọ́ lọ́tọ̀.

Kì í ṣe pé ojú ìyàwó dára ju ti dókítà lọ. Ìmọ̀ ló ń wá, tó ń lọ. Dókítà tó bá dé nígbà tó ti lọ yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí. Ìwádìí ti fi hàn pé bí wọ́n bá ń wo irú aláìsàn báyìí lójú lásán láìlo òṣùwọ̀n, nǹkan bí mẹ́rin nínú mẹ́wàá àwọn tí wọ́n ní kò mọ nǹkan kan ló mọ nǹkan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ 2 kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nínú ìwé náà, "kò ṣe nǹkan kan" ló kún ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni físíò ṣàkíyèsí ohun kan. Ògiri ni apá ọ̀tún bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ fara tì, apá òsì ni gbogbo èèyàn ń dúró sí láti bá a sọ̀rọ̀. Ọpọlọ ọ̀tún ló sì fara pa, òun ló ń rí sí apá òsì. Lójú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó dà bí ẹni pé apá òsì ayé kò sí rárá. Wọ́n yí bẹ́ẹ̀dì náà padà.

Ọjọ́ 66, aago 10 àárọ̀, ni wọ́n gbé dígí sí i lójú. Dígí ni wọ́n ń lò, kì í ṣe bírò tàbí tọ́ọ̀ṣì, torí ojú ara ẹni máa ń fa ojú ju ohun míì lọ. Ohun tí ìyàwó rẹ̀ kọ nìyí: "Ó tẹ̀lé e sí ọ̀tún, 3 nínú 4. Sí òsì, rárá." Ìlà kan ni. Wọ́n tún un ṣe lọ́sàn-án, 0. Ọjọ́ kejì, 2. Ọjọ́ kẹta, 3. Ìmọ̀ ti ń wọlé.

Kí ó tó tẹ̀lé àṣẹ ṣì gba ọ̀sẹ̀ méjì. Dókítà tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kì í ṣe ọmọ Yorùbá, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń sọ fún un pé kó pa ojú dé. Nọ́ọ̀sì fi Yorùbá tí wọ́n ń sọ lórí rédíò sọ ọ́. Kò sí. Ìyá rẹ̀ ló sún mọ́ etí ọ̀tún, ó fi oríkì pè é, "Àjàní," ó sì fi èdè Ìkọ̀lé gan-an, èdè tó ń pe ilé ní "ulé", ní kó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ sókè. Àtàǹpàkò ọ̀tún gbéra. Wọ́n dúró. Ó tún pè é, ó tún gbéra. Ọjọ́ 79, 3 nínú 4. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ní Èkìtì ni wọ́n ń fi èdè tí kì í ṣe ti inú ilé wọn yẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bímọ náà wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ 88, wọ́n yọ túùbù ọ̀fun. Lọ́jọ́ 94, ó sọ ọ̀rọ̀ kan: "Iyán." Gbogbo ilé sunkún.

Iyán sì ni wọn ò lè fún un. Ó ń lẹ̀, ó ń fẹ́ kí èèyàn gbé e mì ní wọ̀ọ̀, bó bá dúró lọ́fun ẹni tí kò lè wúkọ́ dáadáa, kò sí àtúnṣe. Omi lásán náà kò rọrùn, torí ó ń sáré ju ọ̀fun tó ń falẹ̀ lọ. Ẹ̀kọ́ ìgbémì bẹ̀rẹ̀ láti orí ògì tó ki, ṣíbí tíì kan lẹ́ẹ̀kan, ó jókòó ṣánṣán, àgbọ̀n rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀. Bó bá wúkọ́ tàbí tí ohùn rẹ̀ dà bí ẹni tí omi wà lọ́fun rẹ̀, wọ́n á dá a dúró. Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n ń fi ìka wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, torí oúnjẹ ń fara pamọ́ síbẹ̀, kò sì mọ̀. Oṣù kẹjọ ló tó jẹ iyán, òkèlè tí kò ju ẹ̀wà lọ.

Ìfàsẹ́yìn, àti ìbínú

Lọ́jọ́ 105, ó dákẹ́. Àtàǹpàkò kò gbéra mọ́, ó ń sùn ṣáá, ó ń bì láàárọ̀. Ẹbí sọ pé ọ̀tá ti mọ̀ pé ó ń gbádùn ni. Ìwé Ìyá Ìbejì ló gba ẹ̀mí rẹ̀ là lọ́jọ́ yẹn, torí ó fi hàn gbangba pé ó ti ń wálẹ̀ fún ọjọ́ 6: 4, 3, 3, 1, 0, 0. Ẹni tó ń gòkè tó wá ń sọ̀ kalẹ̀, ohun kan ló fà á. Wọ́n yẹ àyà wò, ìtọ̀, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, oògùn. Síkáànù ló fi hàn: omi ti kún inú ọpọlọ, kò rí ọ̀nà jáde. Èyí máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ tó dà lọ́jọ́sí ti dí ibi tí omi ń gbà. Lọ́jọ́ 112, wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí abẹ́ awọ tó ń da omi náà sí ikùn. Lọ́jọ́ 117, ó pe Táíwò lórúkọ.

Oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ló le jù fún ìyàwó rẹ̀, nígbà tí gbogbo ayé sì ń bá a yọ̀. Bàbá Ìbejì rò pé Àkúrẹ́ lòun wà, níbi tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dún púpọ̀ sẹ́yìn. Ó ń bèèrè bàbá rẹ̀ tó ti kú. Ó ń bú ìyá rẹ̀, ó ń fa aṣọ ya, ó dìde lóru, ó ṣubú. Ẹni tí kì í bú èèyàn rí ni. Àwọn kan ní ẹ̀mí míì ló wọ inú rẹ̀ padà. Ipò kan lójú ọ̀nà ni: ó jí, ṣùgbọ́n ọpọlọ kò tíì lè di ohun tó ń ṣẹlẹ̀ mú, nítorí náà gbogbo ìṣẹ́jú jẹ́ àjèjì sí i, ẹ̀rù sì ń bà á. Bí ipò yìí bá pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ 4 lọ, ó fi hàn pé ọgbẹ́ náà jinlẹ̀, ìrántí àti ìwà á sì ní àpá. Tirẹ̀ gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 13.

Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àlejò kan lẹ́ẹ̀kan, kò ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Wọ́n gbé kàlẹ́ńdà ńlá kọ́ ògiri apá ọ̀tún. Bó bá ní Àkúrẹ́ lòun wà, wọn kì í bá a jà. Wọ́n á ní, "Ìkọ̀lé la wà, ìwọ lo ṣubú lórí ọ̀kadà, ara rẹ ti ń yá," wọ́n á sì gbé nǹkan míì sí i lọ́wọ́.

Oṣù 18

Ó ń fi ọ̀pá rìn láti ilé dé ṣọ́ọ̀bù. Ó ń wẹ̀, ó ń wọṣọ fúnra rẹ̀, bọ́tìnnì ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Apá òsì gòkè dé èjìká, ìka rẹ̀ kò lè di ìṣó mú. Kò rántí jàǹbá náà, kò rántí ọ̀sẹ̀ 3 tó ṣáájú rẹ̀ àti oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, wọn kò sì retí pé kó rántí. Aláàmù fóònù ló ń sọ fún un pé kó lo oògùn. Bó bá di aago 2 ọ̀sán, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, ìbínú rẹ̀ sì súnmọ́ ìta nígbà náà. Wọ́n ti ní kó má gun ọ̀kadà mọ́, kó má sì fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìfági, nítorí gìrì àti nítorí apá òsì tó ń fo ojú rẹ̀ dá. Ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún fi sáńpépà bọ́ ẹsẹ̀ àga fún bíi wákàtí kan àbọ̀ láàárọ̀. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ àgbà ló ń gba iṣẹ́ báyìí, ó sì ń pín owó fún un.

Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ara yára jù. Ó ti falẹ̀ báyìí, kò tíì dúró. Físíò ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ìdánrawò ojoojúmọ́ ti wà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ilẹ̀ ọ̀nà Ìjẹ̀sà-Ìsu ṣì wà nílẹ̀. Ìwé ìkọ̀wé ti di mẹ́ta. Ohun tó kọ kẹ́yìn síbẹ̀ nìyí, ọjọ́ 541, aago 5 ìrọ̀lẹ́: "Kẹ́hìndé gba apá òsì wọlé, kò sọ̀rọ̀. Bàbá wọn yí ojú sí i kí ẹnikẹ́ni tó pè é."